Òòlù Jámánì Tó Mumi Yó

                                        Ilé Kẹsàn-án, Ẹ̀yìn Ilé Pákó,
                                        Òpópónà Àwọn Oníṣẹ́ Igi.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà.

Olóhùn-iyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

O kú ilé o, o kú iṣẹ́, o sì kú ìrètí lẹ́tà mi. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbà fún ọ láti gun àtẹ̀gùn, àbí yàrá ìsàlẹ̀ lo ṣì ń sùn? Ọmọbìnrin wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ kíkọ́ ńkọ́? Mo kí i kú oríire lákànṣe. Bí o bá béèrè mi, mo wà. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ka gbogbo nǹkan tó bá ṣeé kà, bí ìgbà tí a wà ní ìwé kẹfà tí ẹ fi sọ mí ní Ìṣirò.

Lẹ́tà rẹ ti wà lọ́wọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé o ti ń sọ nínú ara rẹ pé Ìṣirò ti lówó báyìí, kò ráyè fún èèyàn mọ́. Owó wo? Nǹkan ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi. Ojú rẹ̀ ni. Jókòó kí o tó kà á síwájú, ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí àyà rẹ já: ó ti dára. Mo tètè sọ èyí kí o má baà figbe ta kí àwọn ará ilé máa sá jáde, nítorí mo mọ ọ́, ohùn tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní olóhùn iyọ̀ náà ni o fi ń pariwo.

Ohun tó mú kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ ni ìbéèrè tí o kọ sínú lẹ́tà rẹ. O ní kí n bá ọ bi Jámánì, ìyẹn ọkọ mi tí gbogbo àdúgbò ń pè bẹ́ẹ̀, pé irinṣẹ́ wo ni kí o rà fún ọmọbìnrin wa tó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù àga àti tábìlì tirẹ̀ sílẹ̀. O ní ẹni tó ń ta irinṣẹ́ ládùúgbò yín sọ fún ọ pé bí kì í bá ti í ṣe èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì, kí o má fowó kàn án, pé ti Ṣáínà kò ju ohun ìṣeré ọmọdé lọ. Ó sì bu ìlọ́po mẹ́rin owó fún ọ. Ẹ̀rù wá ń bà ọ́ pé bí o bá ra olówó ńlá, owó tí ẹ fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù ti lọ nìyẹn. Bí o bá ra olówó pọ́ọ́kú, kó má lọ ṣe ọmọ léṣe. Ọ̀rẹ́ mi, ká ní mo dá ọ lóhùn lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé ni, èsì kan ni ǹ bá fún ọ. Èsì mìíràn ni mo ní lónìí.

O mọ bí ọkọ mi ṣe rí lórí ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Òòlù kan wà tí ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé. Àmì Jámánì wà lára rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ inú irin. Ó ti pààrọ̀ igi ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, a máa fi òróró pa á, a máa fi aṣọ wé e. Nígbà tí mo bí àkọ́bí wa, mo fi ṣeré pé nínú èmi, ọmọ àti òòlù, ta ló fẹ́ràn jù. Ó ní kí n má bi òun níwájú òòlù.

Èmi ni mo ń ra nǹkan fún ṣọ́ọ̀bù wa. Èmi ni mo ń fi sáńpépà ha igi, tí mo ń kùn ún, tí mo sì ń rán aṣọ àga. Ní bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo rí òòlù kan lórí àtẹ, owó rẹ̀ kò ní ẹni lára, mo sì rà á kí ti ọ̀gá ọkọ mi lè máa sinmi díẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, títí tó fi rí ibi tí wọ́n kọ Ṣáínà sí. Ó fi ìka méjì gbé e padà fún mi bí ẹni mú eku tó ti kú.

"Ìyá wọn, kí lèyí?"

"Òòlù ni, Bàbá wọn. Ẹ máa fi ṣe iṣẹ́ jàgídíjàgan."

"Lọ fi kan ìṣó tí o máa fi aṣọ kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn."

"Owó ni mo fi rà á o!"

"Owó náà kò mọ̀ pé òòlù kọ́ lòun ń rà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mo mú òòlù mi, mo fi í kọ́ sára ògiri.

Wàyí o, ọjọ́ Ẹtì kan ni, oòrùn ti yẹ̀ sápá kan. Oníbàárà kan kó àga onírin mẹ́fà wá kí a bá òun pààrọ̀ pákó orí wọn. Bóòtù tó di pákó mọ́ irin ti dógùn-ún, kò ṣeé tú. Ọkọ mi gbé sísù irin, irin ẹlẹ́nu mímú tí a fi ń gé nǹkan, lé orí bóòtù, ó sì ń fi òòlù lù ú kí ó gé e kúrò. Èmi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ń po ọ̀dà igi. Mò ń gbọ́ ìró òòlù náà, gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́. Ìkan wá dún tí kò dún bí àwọn yòókù, ó dún ta, bí ìgbà tí ife bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Kó tó di pé mo dìde ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kò pariwo, bí ẹni tó ń pe èèyàn wá jẹun ló ṣe pè mí: "Ìyá wọn, wá ná."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì. Omi tó pupa díẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ bí mo ṣe dé ọ̀nà. Wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin mọ́ irin, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiwa, ló sáré mú aṣọ tó mọ́ wá, òun náà ló dá takisí dúró. Nílé-ìwòsàn ojú, dókítà kékeré kan tó wọ awò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ojú náà, ó sì pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní irin tí kò ju hóró iyọ̀ lọ ti wọ inú ẹyinjú. Wọ́n máa yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé ojú náà á tún ríran. Ó di ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n bá tú aṣọ tí wọ́n fi dì í kí àwọn tó mọ̀. Mo ní ẹ ṣé. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ọkùnrin tó jẹ́ pé ojú kan ló fi ń wo bóyá igi tọ́, tí ojú kejì á dì. Ojú òsì yẹn gan-an ló sì fi ń wò ó.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé, Àǹtí tí ẹ jọ jókòó níbi ìgbéyàwó wa, tó ní aṣọ rẹ ti tín-ín-rín jù. Wọ́n bi Wẹ́dà pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní òòlù ló fọ́ tó ta sí i lójú. Wọ́n ní òòlù wo? Kí Wẹ́dà tó dáhùn, wọ́n ti dáhùn fúnra wọn.

"Ti Jámánì kì í fọ́! Ọdún mélòó ló ti ń lò ó? Òòlù tí ìyàwó yìí rà ni!" Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìyàwó wa, ojúkòkòrò yìí náà ni. O ti fi ojú ọkọ ra òòlù ẹ̀dínwó. Tó bá di ọ̀la tó bá nílò ọ̀pá tí afọ́jú fi ń rìn, mo mọ̀ pé wàá ní kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù."

Gbogbo àwọn tó wà lórí àga ìdúró ló yíjú wò mí.  O mọ̀ mí, ẹnu mi kì í ṣe ẹnu ẹyẹlé, ṣùgbọ́n n kò fèsì nítorí pé mo gbà á gbọ́. Wẹ́dà ti sọ fún mi nínú takisí pé òòlù ló fọ́, mo rò pé tèmi ni, mo sì ti ṣírò rẹ̀ níbẹ̀. Mo yọ owó òòlù tí mo rà kúrò nínú owó òòlù gidi, mo wo èyí tó ṣẹ́ kù, mo ní, iye tí mo ta ojú ọkọ mi nìyí. Kò tó owó bàtà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ ti ṣọ́ọ̀bù nítorí pé a fi í sílẹ̀ gbayawu nígbà tí a ń sáré. Mo wọlé, mo gbójú sókè, òòlù tí mo rà sì ń wò mí láti ara ògiri. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé ọrùn rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á kò tíì tú. Bébà tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò fi kan ìṣó kan rí. Mo wolẹ̀. Òòlù ọ̀gá ọkọ mi ló wà lẹ́bàá àga onírin, ojú rẹ̀ ti já lápá kan, ibi tó já náà tó èékánná ọmọ ọwọ́.

Mo jókòó sórí ìtí igi, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín! Ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ń rẹ́rìn-ín sí òòlù. Nígbà tí ojú tì mí tán, mo wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan rí mi.

Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi kí n gbé e lọ sọ sílẹ̀ níwájú Àǹtí. Mo tún rò ó wò: èrè wo ló wà níbẹ̀? Ojú kò ní torí ẹ̀ là. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìṣirò náà kò tíì jáde. Òòlù tó ti lu irin fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí kò fọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn? Mo kó òòlù méjèèjì sínú àpò, mo lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ àgbàlagbà kan tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀.

Bàbá náà kò béèrè ọ̀rọ̀. Ó nu ojú òòlù Jámánì, ó fi fáìlì, irin gbágungbàgun tí wọ́n fi ń pọ́n irin, fà á. Fáìlì náà yọ̀ ṣììì bí ìgbà tí èèyàn fà á lórí dígí. Ó tún fà á ní ẹ̀gbẹ́ òòlù kan náà, níbẹ̀ ó jẹ ẹ́ dáadáa, irin lẹ́búlẹ́bú sì bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló fún èyí lómi?" ló bi mí.

"Omi bíi ti báwo, Bàbá?"

"Ẹnì kan ti fi ojú ẹ̀ síná títí tó fi pọ́n, ó sì tì í bọ omi tútù lẹ́ẹ̀kan náà. Kò wá dá a padà sẹ́bàá iná kó rọ̀ díẹ̀. Irin yìí ti mumi yó, ọmọ mi. Ó le, àmọ́ líle ìgbéraga ni. Tó bá pàdé irin tó le bíi tiẹ̀, ó di kí ó fọ́."

"Bàbá, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é o."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́. "Irin kì í gbọ́ èdè. Iná àti omi ló ń gbọ́. Àwọn tó ṣe é níbẹ̀ fún un lómi níwọ̀n. Ẹni tó tún un ṣe níbí fún un ní àmuyó. Àmuyó ló wà lára ẹ̀ báyìí. Àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i ńkọ́? Àmì kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà."

Mo yọ tèmi jáde. Ó fi fáìlì fà á, ó jẹ díẹ̀, kò yọ̀. Ó fi okùn so ó rọ̀, ó fi irin kékeré lù ú, ó dún geere. Ó ní, "Èyí dáa. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ẹrú. Igi ọwọ́ ẹ̀ ni kò dáa, ìlà igi náà gba ìbú, ó máa dá lọ́jọ́ kan. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀." Ó wá fa òòlù mìíràn yọ lábẹ́ àpótí rẹ̀, Ṣáínà náà ni wọ́n kọ sí i, ojú rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìda. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde, pé iye tí oníṣòwò bá sọ pé òun fẹ́ san fún wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ń bá a ṣe. Mo bi í pé èló ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n lọ tọ́jú ọkọ mi ná. Mo tètè dúpẹ́, mo sì tètè kúrò níbẹ̀ kí ó tó rò ó wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ kẹta ni mo gbé òòlù náà lọ sílé-ìwòsàn, mo fi aṣọ wé e. Àǹtí ti wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sápá ibi orí, wọn kò dá mi lóhùn dáadáa nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí wọn. Nọ́ọ̀sì kan ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kejì. Mo tẹ̀ síwájú ọkọ mi.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún ojú yẹn ṣe?"

Nọ́ọ̀sì ló dáhùn. "Dókítà wa ni, mà. Ọwọ́ wọn dáa gan-an, ẹ má bẹ̀rù."

"Rárá o, ọmọ mi, ojú kejì ni mò ń sọ."

"Ojú kejì? Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ojú kejì o, mà!"

Ọkọ mi ti lóye. Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo tún un ṣe."

"Bàbá! Ẹ̀yin lẹ tún ojú ara yín ṣe?" Nọ́ọ̀sì jẹ́ kí ìrọ̀rí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo tú aṣọ tí mo fi wé e, mo gbé òòlù sórí bẹ́ẹ̀dì níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Àǹtí rí àmì tó wà lára rẹ̀. Wọ́n na ìka sí i. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti wá jẹ́wọ́. Ó ní ojú òòlù náà ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó ti ní kòtò láàárín, ìṣó sì ti ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ojú tì í láti sọ fún mi, torí lójoojúmọ́ ló ń rí òòlù tí mo rà lára ògiri tí ojú rẹ̀ ń dán gbinrin. Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Jámánì, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé ti Jámánì ti gbó? Ní ọjọ́ Àìkú kan tí mo lọ kí àkọ́bí wa, ó yá iná Wẹ́dà, ó fi ojú òòlù náà síná títí tó fi pọ́n bí ata, ó sì tì í bọ korobá omi.

"Mo fẹ́ kó le bíi tìgbà tó wà lọ́mọdé ni," ló wí. "Omi yẹn ké ṣooo. Mo rò pé ẹ̀rín ló ń rín."

Àǹtí gbé ẹnu kúrò lára mi, wọ́n gbé e lé àbúrò wọn. "Ìwọ! Ìwọ tí o kò lè gbé omi kaná fún ara rẹ, ìwọ lo lọ ń se irin! Tí o sì dákẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta tí mo ń fi ìyàwó oníyàwó wọ́lẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fún mi lóògùn, oorun ni mò ń sùn."

"Oorun ẹ̀tàn!"

Wọn kò bẹ̀ mí o, má retí ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n gba àpò lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé o ti jẹun? Lọ nà sórí bẹ́ẹ̀dì kejì yẹn, màá jókòó tì í." Ìwọ náà mọ̀ pé bí àgbàlagbà ilé ọkọ ẹni bá ti béèrè bóyá èèyàn ti jẹun, ẹ̀bẹ̀ ti parí síbẹ̀. Mo nà sórí bẹ́ẹ̀dì. N kò sùn. Ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n ojú kò tíì là, mo sì rí i pé ẹ̀bi yẹn gan-an ló ti ń dí mi lọ́wọ́ láti bẹ̀rù. Nígbà tó lọ ni ẹ̀rù wá ráyè wọlé.

Ọjọ́ karùn-ún pé. Dókítà ní kí ọkọ mi jókòó sórí àga, kó kọjú sí pátákó tí wọ́n kọ lẹ́tà ńlá àti kékeré sí. Ó tú aṣọ náà ní ìpele-ìpele. Ó fi páálí bo ojú ọ̀tún. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ rí?"

 Ọkọ mi ṣẹ́jú, omi dà lójú rẹ̀, ó tún ṣẹ́jú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú mi. Mo ka ení, mo ka èjì. Mo ka mẹ́rìndínlógún, kò sọ nǹkan kan. Ní mẹ́tàdínlógún, Àǹtí di ọwọ́ mi mú.

"Dókítà," ni ọkọ mi wí, "pátákó yín wọ́ o. Ẹni tó kàn án mọ́ ògiri kò fi ìwọ̀n sí i. Apá ọ̀tún fi bí ìka kan lọ sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì lọ wò ó. Ó wọ́ lóòótọ́! Ó ní ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti kàn án, kò sẹ́ni tó rí i rí. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, dókítà gan-an yọ awò rẹ̀, ó nù ún. Èmi ni mo kàn rí i pé ẹ̀rín mi ti di ẹkún láìmọ ìgbà. Ó ka ìlà lẹ́tà mẹ́rin tẹ̀lé e. Ìlà karùn-ún kò ṣeé kà fún un, dókítà sì ní ibẹ̀ lè máà padà tán, ṣùgbọ́n pé òun kò retí tó bẹ́ẹ̀.

Gbọ́ ohun tí ọkọ mi sọ tẹ̀lé e, kí o mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Ó bi dókítà pé ohun tó fi yọ irin náà, ṣé Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Dókítà mú ẹ̀mú kékeré kan jáde nínú àpótí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹ̀fọn. Ó ní Pakísítánì ni. Ọkọ mi ní ibo? Ó tún un sọ. Dókítà ní òun ní ti Jámánì náà, àwọn méjèèjì dára, ṣùgbọ́n ìgbà tí òun bá dé lárààárọ̀, òun máa ń fi ẹ̀mú mú fọ́nrán irun kan ṣoṣo lórí bébà funfun. Èyí tó bá mú un ni òun á fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, èyí tó bá ṣì í mú, ó di kó sinmi. Ọkọ mi tẹjú mọ́ ẹ̀mú náà títí a fi dìde láti lọ sílé.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọmọ wa wá kàn. Má torí orúkọ orílẹ̀-èdè sanwó, má sì torí ẹ̀ sá. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí a bá sọ ọ́ lórúkọ tán, ìwà rẹ̀ la ó máa bá gbé. Fi fáìlì kékeré kan sínú àpò nígbà tí o bá ń lọ, kí o sì mú ọmọ náà dání kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì wọ́n mú. Sísù àti ayùn ni kí o náwó lé, torí ẹnu wọn ni iṣẹ́ wà. Ti téèpù tí a fi ń wọn igi, na méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí wọ́n bá bára mu, olówó kékeré ni kí o mú. Ti òòlù, wo ìlà igi ọwọ́ rẹ̀, kó gùn gbọọrọ láti òkè délẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ kí o dán ọjà rẹ̀ wò, orúkọ ló ń tà fún ọ, kì í ṣe irin. Má sì jẹ́ kó ta odidi àpótí fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdajì nǹkan inú rẹ̀ ni ọmọ kò ní fọwọ́ kàn, mo ti kà á nínú ti ilé wa.

Ṣùgbọ́n kí o tó ra ìṣó kan, ra awò tí wọ́n fi ń bojú nígbà iṣẹ́. Ra méjì. Mo fi owó sínú lẹ́tà yìí, owó ọ̀kan nìyẹn, má dá a padà. Kí o sì sọ fún ọmọ náà pé tí ojú irinṣẹ́ bá jẹ, kó gbé e lọ fún ẹni tó mọ iná, ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Ọkọ mi ti ń lọ ṣọ́ọ̀bù fún ìlàjì ọjọ́ báyìí. Lánàá mo ń rán ìrọ̀rí àga, òwú dúdú, abẹ́rẹ́ ńlá, mo sì gbé méjèèjì fún un, mo ní ojú mi ti ń ṣú, kó bá mi fi òwú sí i. Irọ́ ni mo pa, mo fẹ́ wo bí ojú náà ṣe ń ṣe ni. Mo bojú wo ìrọ̀rí bí ẹni tí kò bìkítà. Mo wá rí i tó rọra di ojú ọ̀tún. Òun náà ń dán an wò! Ó rò pé n kò rí òun. Òwú náà yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi itọ́ lọ́ ọ, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ó na abẹ́rẹ́ sí mi. Mo gbà á. Mo kàn ń rán ìrọ̀rí mi lọ, ọ̀rẹ́ mi, ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ kò tọ́ mọ́, mo sì tú ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o ní kí wọ́n máa mu omi gbígbóná fún ikọ́ wọn. Kí gbogbo àwọn ọmọ. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, ó dúró sí ẹ̀yìn mi, ó ń ka ohun tí mò ń kọ. Ó ní mo bu iyọ̀ sí i.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ láìsí ẹ̀dínwó,

Ìṣirò.